Ta ló ń sanwó ṣáláńgá? Ìtàn láti inú ìgbẹ́ dé Ekpè

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn ṣáláńgá ni. Ẹ má bo imú, nítorí owó àti òfin ló wà nínú rẹ̀.

Yorùbá ń pe igbó ní ìgbẹ́, a sì ń pe ohun tí ènìyàn ń lọ ṣe níbẹ̀ ní ìgbẹ́. Nígbà tí ilé kò pọ̀, tí ilẹ̀ sì fẹ̀, inú igbó ló ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í sanwó. Nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fara kan ilé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá kún, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ dí i, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Owó ẹni tó gbẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju yàrá mélòó kan lọ, níbo ni yóò tún gbẹ́?

Ìdáhùn kan ti ilẹ̀ Faransé wá. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Louis Mouras, ará ìlú Vesoul, kọ́ kòtò oníbìríkì kan tó ń gba ìgbọ̀nsẹ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ kéré ju bí wọ́n ti rò lọ. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1881. Ohun tí àwa ń pè ní fosse septique lónìí nìyẹn: ẹrẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, omi á ṣàn jáde wọ inú ilẹ̀. Àmọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í tán. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, dandan ni kí wọ́n fà á.

Ibẹ̀ ni owó ti dé. Àwọn kan ń lo korobá àti ọkọ́, wọ́n ń ṣe é lóru, wọ́n ń rì í sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹni tó lówó ń pe ọkọ̀ vidange. Ṣùgbọ́n níbo ni ọkọ̀ náà ń da tirẹ̀ sí? Inú igbó, etí ọ̀sà, ibi tí ẹnìkan kò bá ti rí wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn onígbáméjì ti dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1970, omi tí ìgbẹ́ bà jẹ́ ló sì ń gbé e kiri.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin ìmọ́tótó gbogbo ìlú, òfin 87-015. Láti ìgbà náà, ìgbọ̀nsẹ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ onílé nìkan mọ́. Òfin àyíká, 98-030, tẹ̀lé e ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999. Ní 2001, àṣẹ 2001-109 sọ bí omi ìdọ̀tí ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó kí wọ́n tó dà á sílẹ̀.

Àmọ́ òfin nìkan kì í gba ẹrẹ̀. Ní 1994, ilé-iṣẹ́ SIBEAU ṣí ibùdó kan ní Ekpè, láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, níbi tí adágún omi ti ń wẹ ẹrẹ̀ vidange mọ́. 180 m³ lójúmọ́ ni wọ́n ṣe é fún. m³ kan jẹ́ lítà 1000, ìyẹn dúróòmù ńlá márùn-ún. Bí ọkọ̀ kan bá gbé 10 m³, ọkọ̀ 18 ti tó láti kún ibùdó náà. Bí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ti ń gbèrú, ohun tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ wá ju ìyẹn lọ dáadáa.

Nítorí náà, owó tí onílé ń san kì í ṣe ti rọ́bà àti ẹ̀rọ nìkan. Bí kòtò ṣe tóbi tó, iye ìgbà tí ọkọ̀ yóò lọ tí yóò bọ̀, bí ọ̀nà ṣe rí, àti bí ibi ìdàsí ṣe jìn tó, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó kékeré ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ẹ bi í pé níbo ló ń dà á sí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu kì í rántí, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ẹni tó ń mu omi kànga lẹ́bàá ibi tí wọ́n dà á sí náà kì í gbàgbé.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kétu mọ ìyà omi láti ìgbà àwọn bàbá wa, kànga tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kò rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò. Ṣábẹ jìn sí Ekpè ju kìlómítà 200 lọ, kò sí onílé tó lè san owó ọkọ̀ tó máa rin ìrìn yẹn. Bí ìlú bá ń dàgbà tí kò sí ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ nítòsí, igbó la ó tún padà sí, igbó tí kò sì sí mọ́.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ìpàdé ìlú tó ń bọ̀, ẹ bi kọ́múùnù yín léèrè: ibo ni ọkọ̀ vidange ń da tiwa sí?