Ìtọ́jú orí àti irun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ irun gbígbìn

Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ irun gbígbìn ni gbogbo ohun tí ẹni tí wọ́n gbin irun sí lórí gbọ́dọ̀ ṣe, àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ ṣe, láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà títí irun tuntun yóò fi hù tán. Àkókò yìí máa ń tó oṣù 12, nígbà mìíràn oṣù 18. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ni orí ni apá tó gùn jù nínú iṣẹ́ náà wà. Gbòǹgbò irun tí a lè mú láti ìpàkọ́ ní ìwọ̀n, èyí tó bá sì kú nínú wọn kò ṣeé dá padà.

Ìtàn

Ní ọdún 1939, Shoji Okuda, dókítà ará Japan, kọ̀wé nípa bí ó ṣe ń gbin awọ tó ní irun sí ojú àpá tí irun kò hù mọ́. Ní ọdún 1952, Norman Orentreich ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún apárí ní ìlú New York, ó sì gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1959. Ó fi hàn pé irun tí a mú láti ìpàkọ́ máa ń pa ìwà rẹ̀ mọ́ níbi tuntun tí a gbìn ín sí. Kì í tètè jábọ́ bí irun iwájú orí. Òye yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà títí di òní.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀nà FUT, dókítà á gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìpàkọ́, á rán ojú rẹ̀ pọ̀, á sì pín awọ náà sí gbòǹgbò kéékèèké. Nínú ọ̀nà FUE, ẹyọ ẹyọ ni yóò máa yọ gbòǹgbò irun. FUT máa ń fi àpá gígùn kan sílẹ̀, FUE sì máa ń fi àmì tín-tìn-tín sílẹ̀ káàkiri.

Ọjọ́ 10 àkọ́kọ́

Gbòǹgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò tíì di awọ orí mú, ohunkóhun tó bá sì fà á lè yọ ọ́. A máa ń gba ẹni náà níyànjú láti fi ìrọ̀rí gbé orí sókè nígbà tó bá ń sùn, ó kéré tán fún òru 3, kí iwájú orí àti ojú má baà wú púpọ̀. Wíwú yìí sábà máa ń hàn láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, ó sì máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbà kí a fọ orí láàárín wákàtí 24 sí 72. Ife ni a ó fi bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dà á díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ni a ó ti hó ọṣẹ ìfọrun tí kò le kí a tó fi kan orí. A kì í gbo orí, a kì í sì í jẹ́ kí omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára bà á. Èépá máa ń jábọ́ láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ẹni tó bá fi èékánná ṣí i lè fa irun yọ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 10, gbòǹgbò ti fìdí múlẹ̀.

Kò yẹ kí a fa sìgá tàbí kí a mu ọtí ní àkókò yìí, nítorí sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí awọ orí kù. A máa ń yẹra fún iṣẹ́ agbára fún bí ọ̀sẹ̀ 2, àti lílúwẹ̀ẹ́ fún bí oṣù 1. Ẹni tó ń lo òògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi aspirin, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú; kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Irun tó jábọ́ lẹ́yìn ìgbìn

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irun tí wọ́n gbìn máa ń jábọ́. Èyí kì í ṣe àmì pé iṣẹ́ náà bàjẹ́. Irun tó wà lókè awọ nìkan ló lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń sinmi. Irun tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín oṣù 3 sí 4. Ó máa ń kọ́kọ́ tín-ín-rín, á sì máa ki sí i bí oṣù ti ń gorí oṣù. Àsìkò tí orí ṣófo yìí ni ìpayà máa ń mú kí àwọn kan fi oríṣiríṣi òògùn pa orí, tí wọ́n sì ń ṣe gbòǹgbò tó ń sinmi ní ìjàǹbá.

Irun àwọn adúláwọ̀

Gbòǹgbò irun adúláwọ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ nínú awọ, nítorí náà dókítà tí kò mọ irú irun yìí lè gé e dà nù nígbà tó bá ń yọ ọ́. Àpá tó máa ń wú kọjá ojú egbò, tí à ń pè ní keloid, tún wọ́pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀. Ẹni tí àpá etí lílu tàbí àpá mìíràn ti wú lára rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni ẹni tó ní kókó líle ní ìpàkọ́ lẹ́yìn gígẹ irun, nítorí ìpàkọ́ gan-an ni wọ́n ti ń mú irun.

Láàárín àwọn obìnrin, irun dídì tó le jù àti irun àtọwọ́dá tó wúwo wà lára ohun tó ń pa irun ẹ̀bátí. Bí wọ́n bá padà sí irú dídì bẹ́ẹ̀, irun tuntun yóò tún lọ bíi ti àkọ́kọ́.

Ní Àgọ́ Palace àti ní Èkó

Àgọ́ Palace Way jẹ́ ọ̀nà ńlá ní Okota, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Níbẹ̀, bíi káàkiri Èkó, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti onídìrí kò jìnnà síra. Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ní Èkó, tàbí láti Istanbul tí àwọn ènìyàn ń lọ láti gbogbo ayé nítorí iṣẹ́ yìí, yóò bá oòrùn, eruku àti òógùn pàdé. Fìlà fífẹ̀ tí kò fún orí wúlò, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fàyè gbà á.

Sípírítì tí onígbàjámọ̀ fi ń nu orí, òrí, àdín àti ọṣẹ dúdú kò gbọ́dọ̀ kan egbò tí kò tíì jinná. Ẹ̀rọ ìgẹrun kò gbọ́dọ̀ kan ibi tí wọ́n gbin irun sí títí dókítà yóò fi gbà bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà tó ń mú irun nà náà gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà náà.

Ìgbìmọ̀ MDCN ló ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àjọ HEFAMAA ló ń ṣàbójútó ilé ìwòsàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, NAFDAC sì ń fọwọ́ sí òògùn. Finasteride, òògùn tí wọ́n máa ń fún àwọn ọkùnrin láti dáàbò bo irun tó kù, kò yẹ fún aláboyún.

Àmì ewu

Ọyún, òórùn burúkú, ibà, ìrora tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tàbí awọ orí tó ń dúdú tó sì ń kú, ń béèrè pé kí a rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Àrùn tó bá wọ egbò lè pa gbòǹgbò tí wọ́n gbìn, kí ó sì fi àpá sílẹ̀ níbi tí irun kò ti ní hù mọ́.