Epo Tí Ó Kù Nínú Ilẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ ọjà ní Ẹdẹ lónìí tí ó ní epo ti wọ́n, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, 'Epo wo?' Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ìbéèrè yìí kò lè wáyé. Epo kan ṣoṣo ni ó wà, èyí tí a ń fún lára ẹyìn, tí a fi ń se ọbẹ̀, tí a fi ń tan fìtílà, tí a sì fi ń bọ Èṣù. Ìgbà tí epo mìíràn dé ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ dá ti àtijọ́ mọ̀, tí a ń pè é ní epo pupa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì Nàìjíríà ń lọ, mo rò pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú epo pupa rí.

Ní 1885, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ olómi tí odò Ọya gbà wọ inú òkun sí abẹ́ ààbò wọn, orúkọ tí wọ́n fún un ní èdè wọn ni Ilẹ̀ Àwọn Odò Elépo. Epo pupa ni wọ́n ní lọ́kàn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé epo mìíràn sùn sí abẹ́ ilẹ̀ náà. Epo pupa ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọn fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, òun náà ni wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin lára kí irin má baà máa ha ara wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà ni ewu ti dé. Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, epo rọ̀bì sì jáde níbẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, kẹrosíìnì ti ń gba iṣẹ́ fìtílà, gíríìsì ti ń gba iṣẹ́ ẹ̀rọ, iye tí wọ́n ń ra epo pupa ní Liverpool sì wálẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀pẹ tán nínú igbó wa. Ọ̀pẹ ń bẹ, ẹyìn ń pọ́n. Ẹni tí ń rà á ni ó rí òmíràn rà.

Epo pupa kò kú nígbà náà o. Ọṣẹ àti bọ́tà tí wọn kò fi wàrà ṣe gbé e ró. Nígbà tí ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, ekùrọ́ àti epo pupa wà lára ẹrù tí ó ń kó lọ sí Èkó, Nàìjíríà ni ó sì ń ta epo pupa sí òkèèrè jù lọ láyé títí di àárín àwọn ọdún 1960. Malaysia ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kòkó kò ju báyìí lọ. Owó rẹ̀ wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, èyí tí ọ̀pọ̀ àwa tí a mọ̀wé lónìí jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Ní nǹkan bí 1970, kòkó Nàìjíríà tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún; nígbà tí ìjọba fi máa tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká ní 1986, ó ti wálẹ̀ dé bí ìdajì. Igi ti darúgbó, ọmọ àgbẹ̀ sì ti wá owó epo rọ̀bì lọ sí ìgboro. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ẹdẹ tí yóò máa sọ kòkó di bọ́tà àti ìyẹ̀fun, kí a má baà máa ta hóró lásán. Èrò náà dára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ ibẹ̀ fi dákẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì pàápàá. Ní nǹkan bí 1908, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ihò kiri agbègbè Òkìtìpupa, níbi tí ọ̀dà ti ń sun jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀, kí ogun 1914 tó lé wọn lọ. Shell-D'Arcy ni ó rí i ní Oloibiri, ní ilẹ̀ Ìjọ̀, ní 1956. Ní 1958 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé e lọ. Nígbà tí ó fi máa di òpin àwọn ọdún 1970, kànga Oloibiri ti gbẹ́kun. Ogún ọdún péré.

Èló ni ó wá kù? Iye tí ìjọba kéde fún ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni bílíọ̀nù 37.28 àgbá epo rọ̀bì, pẹ̀lú epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń bá gáàsì jáde, àti gáàsì tí ó tó tírílíọ̀nù 210.54 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì. Bí a bá ń fa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.6 àgbá lóòjọ́, epo náà yóò tó wa lò fún ọdún 64. Gáàsì yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọye rẹ̀ ni a ti dáná sun sí ojú ọ̀run kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé gáàsì olómi kúrò ní Bonny ní 1999.

Inú àwọn kan ń dùn sí ọdún 64 yìí. Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í kà. Iye yìí kì í ṣe omi inú àmù tí a lè ki igi bọ̀ kí a fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni epo tí a mọ̀ pé ó wà, tí a ní ọgbọ́n àtifà jáde, tí èrè yóò sì wà lórí rẹ̀ ní iye tí ọjà ń sọ. Bí iye ọjà bá já, epo tí a ń kà lè dín láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan kúrò ní ibi tí ó wà. Ìjọba ti pinnu nígbà kan rí pé yóò di bílíọ̀nù 40 àgbá ní 2010. Ọdún 15 ti kọjá lórí ìyẹn, ibi 37 ni a ṣì wà. Wíwà nínú ilẹ̀ kò sì sọ pé kí ó jáde: ní oṣù Kẹsàn-án 2022, olè àti páìpù ògbólógbòó mú kí epo rọ̀bì tí a ń fà lóòjọ́ má pé mílíọ̀nù kan àgbá.

Ọdún tí ó yẹ kí a máa rántí ni 2014. Ní 2010, Amẹ́ríkà ń ra epo wa tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù kan àgbá lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọgbọ́n dá láti fọ́ òkúta abẹ́ ilẹ̀ ní Texas àti North Dakota kí epo inú rẹ̀ lè ṣàn jáde. Ní oṣù Keje 2014, wọn kò ra àgbá kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa. Àwọn àgbà a máa sọ pé, 'Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́'. Oníyangí ti dé. Àgbá epo tí iye rẹ̀ ju 100 dọ́là lọ ní àárín 2014 kò tó 50 ní oṣù kìn-ín-ní 2015. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù wá rù. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà láìgba owó fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba àbọ̀ títí di 2018. Olùkọ́ ń ra gààrí láwìn, ẹni tí ń ta gààrí sì ń jẹ gbèsè lóko. Ta ni nínú wọn ni ó gbọ́ orúkọ Dakota rí? Epo tí a kà sí ti Nàìjíríà nínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún náà ṣì jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 37 àgbá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tún ti dé. Ní 2024, ilé-ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe epo mọ́tò fún ọjà ilé. Nítorí pé epo rọ̀bì tí ó ń rí rà nílé kò tó o, lára èyí tí ó ń fọ̀ ní ọdún náà ni epo tí ọkọ̀ òkun gbé wá láti Texas.