Wọ́n Fá Orí Wa Lẹ́yìn Wa

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú ìpàdé kan dáadáa: àwọn ọ̀gá á jókòó, wọ́n á yí ètò padà, àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ò sì ní sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ aṣọ ṣe rí ní 1934.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Japan. Ní oṣù Kejìlá 1931, ìjọba ibẹ̀ já owó yẹ́ẹ̀nì kúrò lára góòlù, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Aṣọ òwú wọn wá di pọ́ọ́kú káàkiri ayé. Ni àwọn oníléeṣẹ́ aṣọ ní Lancashire bá fi igbe ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1934, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ méjèèjì pàdé ní London, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò wọ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, Walter Runciman, mínísítà ìṣòwò, kéde pé wọn yóò fi gbèdéke sí iye aṣọ ilẹ̀ àjèjì tó lè wọ àwọn ilẹ̀ tí Bírítéènì ń ṣàkóso. Ìpíndọ́gba ohun tó wọlé láàárín 1927 sí 1931 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí ló dé tó jẹ́ ọdún wọ̀nyẹn? Torí pé aṣọ Japan ò tí ì pọ̀ nígbà náà ni.

Iléeṣẹ́ tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ òkèèrè, lábẹ́ Philip Cunliffe-Lister, ló ní kí àwọn gómìnà sọ ọ́ di òfin. Kò rọrùn níbi gbogbo o. Ní Kenya, Uganda àti Tanganyika, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí agbègbè odò Congo ò gba ojúsàájú láàárín oníṣòwò, nítorí náà òfin náà ò dé ibẹ̀. Ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ̀ jálẹ̀. London fi àṣẹ ọba gbé e kà wọ́n lórí.

Nàìjíríà ńkọ́? Àdéhùn ìṣòwò 1911 pẹ̀lú Japan ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti 1933 ni London ti kọ̀wé pé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yóò jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, ènìyàn 4 péré ni aráàlú dìbò yàn: 3 láti Èkó, 1 láti Calabar. Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà, aláró l'Abẹ́òkúta tó ń ra aṣọ funfun òyìnbó fi ṣe àdìrẹ, ta ló bi wọ́n? Owó kòkó sì ti já wálẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n wá fi aṣọ pọ́ọ́kú dù.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́: iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Lancashire, ebi ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ní kó san owó ebi yẹn.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí ìjọba bá tún kéde òfin lórí ọjà tó ń wọlé, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ọdún wo lẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, àti pé ta ni ò sí ní ìpàdé?