Àfikún eré The Sims

Àfikún eré The Sims ni àwọn àkójọ tí à ń rà lọ́tọ̀ láti fi bu kún eré kọ̀ǹpútà The Sims, èyí tí Will Wright àti ilé-iṣẹ́ Maxis ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2000. Ẹni tí kò bá ní eré ìpìlẹ̀ kò lè lò wọ́n. Méje ni ti eré àkọ́kọ́: Livin' Large (2000) ló ṣíwájú, Unleashed (2002) mú ẹran ọ̀sìn wọlé, Makin' Magic (2003) ló kẹ́yìn. The Sims 2 (2004) ní mẹ́jọ, pẹ̀lú àwọn àkójọ kéékèèké bíi ti aṣọ H&M (2007) àti àga òun tábìlì IKEA (2008). Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ tún jáde síta eré: ní 2019, ilé-iṣẹ́ aṣọ Moschino ti Ítálì ta aṣọ gidi tó ní àmì The Sims lára.