Àtúnṣe Ilẹ̀ Lẹ́yìn Ìwakùsà Èédú: Àpẹẹrẹ Aberfan

Ní ọjọ́ 21, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1966, òkìtì pàǹtí èédú tí wọ́n kó jọ sórí ìsun omi wó, ó sì ya bo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Pantglas ní Aberfan, ilẹ̀ Wales. Ènìyàn 144 ni ó kú. Ọmọdé ni 116 nínú wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí dá àjọ èédú ìjọba lẹ́bi. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn òbí ní kí a kó àwọn òkìtì yòókù kúrò, £150,000 ni ìjọba gbà nínú owó ìrànwọ́ àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láti fi ṣe é. Ọdún 1997 ni wọ́n tó dá a padà, láìsí èlé. Ẹni tí ó ba ilẹ̀ jẹ́ ni ó yẹ kí ó náwó àtúnṣe rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó pàdánù.