Àṣìta Kọ́, Àṣìmọ̀ Ni

Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ “àdó olóró” fún ẹni tó ń gbé Mende, ní Èkó, ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, iná ran ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè ológun Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Mende. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú kánáàlì Òkè-Afà níbi tí wọ́n sá forí lé. Ọ̀rọ̀ náà sì pé: àdó la mọ̀ mọ oníṣègùn, oró inú rẹ̀ ló ń pani.

Tó bá wá kan òwò ohun ìjà fúnra rẹ̀, ahọ́n wa máa ń wọ́. Rédíò a ní “ìrànlọ́wọ́ ológun”. Ìrànlọ́wọ́ wo? Owó ara rẹ̀ ni Nàìjíríà fi ra bàálù Super Tucano 12 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ọjà ni; ẹ jẹ́ ká pè é ní ọjà, kí ẹni tó tà á lè jẹ́ ọlọ́jà tí à ń bi léèrè.

Ìjọba Obama dá ọjà yẹn dúró lẹ́yìn tí bàálù ológun wa ju àdó olóró sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno, ní oṣù Kìíní 2017. Trump tú u sílẹ̀. Bàálù dé ní 2021. “Àṣìta” la pe ti Rann. Bẹ́ẹ̀, ọta tó yẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n yìn ín sí ni àṣìta. Ti Rann kò yẹ̀. Ti Tudun Biri ní Kaduna náà kò yẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2023, nígbà tí dróònù ológun pa àwọn tó ń ṣe Máólúdì. Ibi tí wọ́n rán an ló bọ́ sí. Àwọn ènìyàn ni wọ́n ṣì mọ̀: wọ́n rí èrò, wọ́n ní agbésùnmọ̀mí ni. Àṣìmọ̀ ni mo fẹ́ kí a máa wí.

Agbésùnmọ̀mí yìí gan-an ni àwọn tó ń ta áàpù aṣamí fi ń polówó. (“Aṣamí” wù mí ju “amí” lọ, amí lè jẹ́ ọmọ ènìyàn.) Ilé iṣẹ́ NSO ní Ísírẹ́lì ní ìjọba nìkan lòun ń ta Pegasus fún, láti fi mú agbésùnmọ̀mí àti ọ̀daràn. Ní Togo, ní 2019, fóònù bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan àti ti àlùfáà kan wà lára àwọn tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Òǹrajà ló kúkú ń sọ ẹni tó jẹ́ agbésùnmọ̀mí. Àwọn ọlọ́jà tún ní orúkọ olóòórùn dídùn fún un: “ìyọ́gbọ́rọ̀ tó bófin mu”. Ẹ pè é sókè, ẹ gbọ́ bí yíyọ́ àti òfin ṣe ń bá ara wọn jà.

Ti Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn ètò ààbò fún ààrẹ Jonathan, ló wá le jù. Ní 2015, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ ìgbà náà, Buhari, gbé dìde ní àdéhùn bàálù, hẹlikọ́pítà àti ọta kan wà tó jẹ́ pé orí ìwé ló mọ, bílíọ̀nù 2.1 dọ́là ló gbẹnu aráàlú. Dasuki ní òun kò jẹ̀bi. Síbẹ̀ “owó ohun ìjà” la ń pè é lórí afẹ́fẹ́, bí ẹni pé ohun ìjà náà dé. “Owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ra ohun ìjà” gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníròyìn tó lè ka orúkọ oyè gbogbo gómìnà tán ní èémí tó máa gbé e.