Ẹ́ńjìnnì 911 tó ń gbóná: ẹ má yọ tẹmọ́sítáàtì
Tí wọ́n bá de tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì OM 352 inú Mercedes 911, irú típà tó ń kó yanrìn létí ọ̀sà Bárígà, agbára á pọ̀, ooru náà á pọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣómólú, fáànù nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀. Làwọn mẹkáníìkì wa bá ń yọ tẹmọ́sítáàtì dànù. Èmi ò fara mọ́ ọn o! Bíi 80°C ló máa ń ṣí. Tí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, á máa jẹ dísù, á sì tètè gbó. Rédíétọ̀ tó dí ni kẹ́ ẹ fọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi èyí tó tóbi pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù náà. Tó bá ti ń hó, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀: omi inú ẹ̀ lè ti kọjá 100°C, ojú ló sì máa ń tú sí.